Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Wa Rojọ́ Níwájú Òbúkọ

Ẹ fi ẹja yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Iná ààrò yín kò tilẹ̀ tíì ràn. Oorun ọ̀sán ló gbé mi lánàá, ni mo bá lá àlá kan, láti àárọ̀ ni ẹnu sì ti ń yún mi láti sọ ọ́. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n kò fẹ́ pariwo.

Ègùn ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ègùn náà ni mo fi ń lálàá. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́pàá bá ti wọ inú àlá mi, Yorùbá ni gbogbo wọn máa ń sọ, èmi náà á sì fi Yorùbá dá wọn lóhùn kí wọ́n má baà ní mò ń bú wọn. Ti àná yìí, Yorùbá ni láti orí dé ẹsẹ̀. Bí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni.

Ìyàwó tuntun tó jókòó ti agbọ̀n yẹn kò mọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún un. Ìyàwó wa, Màwútin lorúkọ ọkọ̀ wa. Bàbá Sẹ̀wánù, ọkọ mi, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án kí ó tó kú. Pósù, ọkọ ọmọ mi Sẹ̀wánù, ló ń fi í pẹja. Lọ́jọ́ kan ó ń ti ojú ọ̀sà bọ̀, àwọn ọlọ́pàá orí omi dá a dúró, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti gbọ́ Ègùn lẹ́nu rẹ̀ báyìí, wọ́n ní epo bẹntiróò ń rùn nínú ọkọ̀, ọkọ̀ fàyàwọ́ ni. Wọ́n tú inú ọkọ̀ títí, ẹja ni wọ́n rí. Wọ́n ní kò burú, Pósù kò ṣẹ̀, kó máa lọ sílé. Ọkọ̀ ló ṣẹ̀, ọkọ̀ làwọn máa mú. Ọkọ ọmọ mi wẹ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Ẹja náà kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà kò padà wálé.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Bí ẹ bá kọjá lẹ́bàá àgọ́ wọn yẹn, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ óò rí ọkọ̀ àwọn ará wa tí wọ́n dà délẹ̀ nínú oòrùn. Ilé orí omi tí kò lọ́kọ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Láti ra ata lásán, à á dúró lẹ́nu ọ̀nà, à á máa pe ẹni tó ń kọjá bí ẹni tó ń ṣagbe.

Ibi tó ti wá dùn mí jù lọ nìyí. Nílé wa, ọmọ kì í gba orúkọ lórí ilẹ̀. Inú ọkọ̀ ilé ni à ń gbé e sí, à á tọ́ ọkọ̀ náà yí ilé ká, ẹni tó dàgbà jù á pe orúkọ ọmọ sórí omi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnikẹ́ni tó lè fi orúkọ pè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Bàbá Sẹ̀wánù, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe fún Sẹ̀wánù. Èmi ló wá kù tí mo dàgbà jù. Ìgbà tí wọ́n mú ọkọ̀ tán ni Sẹ̀wánù bímọ, obìnrin. Mo ní a ó dúró de ọkọ̀. Sẹ̀wánù ní kí a yá ti aládùúgbò. Mo ní ọkọ̀ aládùúgbò, ọmọ aládùúgbò. Bí a ṣe dúró nìyẹn. A ń dúró, ọmọ ń dàgbà. Ó jókòó, ó yọ eyín, ó ń rá, kò lórúkọ. Bébì ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Nílé, Àlejò là ń pè é, àlejò tó ń fa irun mi tu tó sì ń jẹ nínú àwo mi.

Ó yá, àlá.

Mo rí i pé mo pọn Àlejò, mo ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀. Nígbà tí kò sí ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lórí ọ̀sà. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn ká ìró mi sókè kí etí rẹ̀ má tutù. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi ní, "Ìyá, ẹ rọra o, ibí yìí jìn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọ̀tún kò sọ nǹkan kan, ó pẹ́ tó ti ń bá mi yan odì.

Mo dé ibi tí àgọ́ ọlọ́pàá máa ń wà, kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ sórí afẹ́fẹ́ ní kí n gbójú sókè. Lóòótọ́, àgọ́ náà ló ń léfòó lókè yẹn, tòun ti fèrèsé àti àsíá rẹ̀. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi àgbọn kan kí ó má baà fẹ́ lọ sí ìlú ẹlòmíì. Obìnrin náà ní tí afẹ́fẹ́ bá ti gbé e wá sọ́dọ̀ mi, kí n yára di àkàbà rẹ̀ mú, nítorí ọwọ́ wọn kún, wọn kì í dúró de èèyàn. Mo dúró, ó dé, mo gùn ún. Àlejò ń sùn lẹ́yìn mi.

Tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ó ní, "Ta ló ni yín?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ni mí. Èmi ni mo ni ọkọ̀."

Tábìlì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa máa ń sọ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tábìlì tísà kan lèmi. Wọ́n wá ilé rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n ní àwọn ò lè lọ lọ́wọ́ òfo." Ó ní kí n jókòó, wọ́n máa pè mí.

Orí bẹ́ńṣì ni mo jókòó sí. Ọ̀kadà kan jókòó lápá ọ̀tún mi, ó gbé táyà lé táyà. Máṣínnì ìránṣọ kan jókòó lápá òsì, ó káwọ́ sórí itan bí ọmọ tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa.

Ọ̀kadà ní, "Sànnu, Ìyá. Ṣé ẹ máa ń gba Sábó kọjá? Ṣé ẹ mọ Lawali?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Òun ló ni mí. Wọ́n ní mo gbé olè. Wọn kò rí olè kankan, fìlà Lawali ni wọ́n rí. Ìyàwó rẹ̀ lóyún nígbà tí wọ́n mú mi. N kò mọ ẹni tó gbé e lọ sílé ìwòsàn."

Máṣínnì náà wá gbójú sókè. Ó ní, "Èmi, Ene ló ni mí. Ìdómà ni, ó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ dúdú là ń rán lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní aṣọ ọlọ́pàá la fẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ni. Ṣé ọwọ́ Ene kò tíì máa dùn ún? Tó bá fi ọwọ́ ránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ máa ń wú."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò wú. Irọ́ ni, n kò rí Ene rí láyé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀.

Mo wá wo bẹ́ńṣì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọlanke wà níbẹ̀, àwọ̀n ẹja wà níbẹ̀, ìkòkò àwọn tó ń se ògógóró wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan olówó kan ṣoṣo. Mo ní, "Ṣé mọ́tò ńlá kì í ṣẹ̀ ni?"

Ọ̀kadà ní, "Ọ̀kan wá lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ pé ooru ń mú òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà."

Ni Dípíò, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, fi jáde. Ó sanra, ojú rẹ̀ sì tutù, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ẹ káàsán o. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Ọkọ̀ wa ni mo wá gbà, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ kan ń dúró dè é."

"Ta ni yín nínú ẹjọ́ náà?"

"Ìyá Sẹ̀wánù ni mí. Èmi ni ìyàwó ẹni tó kan ọkọ̀."

Ó mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Ẹ̀yin kò sí nínú ẹjọ́ yìí, Màmá. Ọkọ̀ la pè lẹ́jọ́. Èrò ìwòran lẹ̀yin."

"Ṣé mo lè bá a rojọ́?"

"Òfin ò gbà á. Agbẹjọ́rò ọkọ̀ kò gbọdọ̀ lẹ́sẹ̀."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Mo ní ó dáa.

Dípíò pàtẹ́wọ́, àgọ́ ọlọ́pàá di kóòtù. Tábìlì tísà fẹ̀ sí i, bẹ́ńṣì ga sókè. Adájọ́ gba ojú fèrèsé wọlé nítorí wọ́n ní ẹnu ọ̀nà wà lábẹ́ ìwádìí. Gbogbo wa dìde. Ọ̀kadà kò tètè dìde, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n wá mú Màwútin wọlé. Wọ́n gbé e nàró lórí ìdí, wọ́n fi ṣéènì wé e láti ọrùn dé àárín. Ẹ̀yin èèyàn mi, oòrùn ti sá a. Ó ti là láti imú títí dé ibi tí Pósù máa ń jókòó sí. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí Bàbá Sẹ̀wánù fi kùn ún ń bó bí awọ ẹni tí iná jó. Inú mi bàjẹ́. Mo fẹ́ dìde lọ fọwọ́ pa á lára, bẹ́ńṣì dì mí mú, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Ìyá, ẹ má ṣe é. Wọ́n máa ní kí ẹ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ níbí."

Adájọ́ ní, "Ìwọ ọkọ̀, o jẹ̀bi. Sọ ìdí tí o kò fi jẹ̀bi."

Ọkọ̀ la ẹnu. Ó ní, "Omi."

Ohùn Bàbá Sẹ̀wánù ni. Ohùn rẹ̀ gan-an, èyí tó máa ń ní tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹkún kọ́ nìyí, èéfín yín ni.

Adájọ́ ní omi kì í ṣe àlàyé.

Ọkọ̀ wúkọ́. Ó ní, "Olúwa mi, ẹ má bínú. Epo ń rùn lára mi nítorí ẹ́ńjìnì tí mo gbé máa ń mu epo. Ẹni tó bá gbé ọ̀mùtí kọ́ èjìká wálé, ọtí á rùn lára òun náà. Ọkọ̀ àwọn tó ń lọ ṣe fàájì létí òkun ló kọjá ṣáájú mi lọ́jọ́ náà. Epo ń rùn lára rẹ̀ ju tèmi lọ. Ọ̀gá juwọ́ sí i."

Adájọ́ kọjú sí Dípíò. "Ṣé o juwọ́?"

Dípíò ní, "Mo juwọ́ sà. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀."

"Ó dára. Ọkọ̀, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Ọ̀sà ni, Olúwa mi. Gbogbo ibi tí mo lọ, òun ló gbé mi lọ."

Wọ́n pe ọ̀sà. Ọ̀sà dáhùn láti ìsàlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ gan-an, ó sọ ọ́ pẹ́, kóòtù ń mì. Ó dárúkọ gbogbo ibi tí Pósù ti dẹ àwọ̀n lọ́jọ́ náà. Nígbà tó parí, akọ̀wé kóòtù dìde, ó ní ọ̀sà sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n Ègùn ló fi sọ ọ́, kò sì sí ògbufọ̀. Mo na ọwọ́ sókè pé èmi gbọ́ Ègùn. Wọ́n ní èrò ìwòran kì í túmọ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí dákẹ́.

Ó wá gún ara rẹ̀ jókòó láti dájọ́. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ó tún irun òyìnbó orí rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ilé ẹjọ́ yìí, lẹ́yìn tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Irun náà rọra yọ̀ láti orí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àgbọ̀n, ó di irùngbọ̀n. Báyìí ni adájọ́ ṣe di òbúkọ. Akọ̀wé kóòtù náà di ewúrẹ́, àwọn ọlọ́pàá tó dúró ti ọkọ̀ di ewúrẹ́, wọ́n ń wo bàtà ara wọn nílẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìyípadà o, sà." Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ? Ọmọlúàbí ni wọ́n bí mi.

Nígbà tí mo wo ọkọ̀, ṣéènì tí wọ́n fi wé e ti di ìtàkùn ọ̀dùnkún, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ewúrẹ́ wo ló máa rí ìyẹn kó gbójú kúrò? Wọ́n rọ́ bò ó, wọ́n ń jẹ. Òbúkọ adájọ́ fi ìwo ti akọ̀wé sẹ́yìn kó lè jẹ láti ibi tó dùn.

Dípíò nìkan ni kò tíì yí padà. Ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi."

Mo ní, "Mò ń bínú díẹ̀, Ọ̀gá."

Ó ní, "Ìyá mi sin ewúrẹ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó jáde lọ jẹ èèpo iṣu lójú títì, àwọn kánsù mú un. Wọn kò mú ìyá mi. Wọ́n ní ewúrẹ́ ló ṣẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń kó èèpo iṣu lọ, ó ń ti ẹ̀yìn ọgbà wọn jù ú sí i. Ó ń dá orúkọ rẹ̀ pè. Lọ́jọ́ kan ó débẹ̀, ọgbà ti ṣófo."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá. Kí ni wọ́n fi ewúrẹ́ náà ṣe?"

"Ọdún ń bọ̀ nígbà náà."

Ó fa fìlà náà wálẹ̀ sójú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni ewúrẹ́ náà, Màmá," kí n sì tó lè bi í léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó ti di ewúrẹ́ lóòótọ́, abo, fìlà ọlọ́pàá ṣì wà láàárín ìwo rẹ̀. Mo fọwọ́ pa á lórí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ó lọ jẹ ìtàkùn tó kẹ́yìn, ó sì tú ọkọ̀ sílẹ̀.

Bí ìtàkùn ti tán, ọkọ̀ dùbúlẹ̀, ilẹ̀ àgọ́ náà là, a sì sọ̀ kalẹ̀ sórí omi jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Èmi, Àlejò, ọ̀kadà àti máṣínnì la wà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù ní àwọn máa dúró de afẹ́fẹ́ mìíràn. Ọkọ̀ fi imú bọ omi, ó mu ún, ó mu ún, ó ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí òun mu díẹ̀ sí i. Ọ̀kadà fi táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sínú omi, ó di ẹ́ńjìnì wa. Omi ń wọlé láti ibi tí igi ti là, máṣínnì bá fa òwú àwọ̀n, ó ń rán ọkọ̀ bí ẹni ń rán sòkòtò tó ya.

A gba iwájú ilé Ene. Ó jókòó lójú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ ránṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Ó rí máṣínnì. Ó dìde, ó gbé abọ́ àti ìkòkò kúrò níbi tí máṣínnì máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó fi ìró rẹ̀ nu ibẹ̀, ó sì dúró. Máṣínnì sọ̀kalẹ̀. Kò rántí kí wa pé ó dàbọ̀, n kò sì bá a wí. A dé Sábó, ọ̀kadà náà sọ̀kalẹ̀, ó sáré láìtan iná. Láti ìgbà náà ọwọ́ mi ni mo fi ń wa ọkọ̀, omi sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nítorí kò sí ẹni tó ń rán an mọ́.

A dé ilé. Mo tú Àlejò sílẹ̀ lẹ́yìn mi, mo gbé e sí àárín ọkọ̀. Ayọ̀ ń gùn mí. Mo ní, "Bàbá Sẹ̀wánù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ilé ká kí n pe ọmọ yìí lórúkọ."

Ọkọ̀ ní, "Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Sẹ̀wánù ni."

"Èyí tó ti yọ eyín yìí? Kò tíì lórúkọ?"

"Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Omi ti dé kókósẹ̀ mi. Ọkọ̀ ní, "Ìyá Sẹ̀wánù, èmi ni wọ́n tì mọ́lé. Ta ló ní kí ẹ ti ọmọ mọ́lé pẹ̀lú mi?"

Mo bínú. Àní nínú àlá, mo bínú! Mo ní ṣé èmi ni mo lọ mú un ni? Ṣé èmi ni mo ní ọkọ̀ ló ṣẹ̀? Ohun tí àwọn baba rẹ̀ ṣe ni mò ń tọ́jú fún un, ẹ̀bi ló wá dì fún mi.

Ó ní, "Rọra, rọra. Ǹjẹ́ o rántí ọjọ́ tí a pe Sẹ̀wánù lórúkọ? Ọkọ̀ tí a fi ṣe é ńkọ́, ṣé o rántí rẹ̀?"

Mo ní, "Ó ń jò."

"Kí lò ń ṣe nínú rẹ̀?"

"Mò ń gbọ́n omi. Ẹ̀yin ń pariwo orúkọ, èmi ń gbọ́n omi." Ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí, nítorí mo rántí bí aṣọ tuntun mi ṣe rẹ lọ́jọ́ náà tí ìyá ọkọ mi ń fi mí ṣẹ̀sín.

Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ó gbé òpó kan, ó gbé ìkejì, ó ń fa ara rẹ̀ lọ sí apá òkun. Mo ní, "Ibo lò ń lọ?" Ó ní òun gbọ́ pé ilé náà máa ń ṣẹ̀, òun ń lọ kí wọ́n tó dé. Bí mo ti ń pè é padà, omi dé àyà mi, ó dé ọrùn mi, n kò rí ọkọ̀ mọ́. Àlejò bú sẹ́kún.

Ẹkún yẹn ló jí mi. Oòrùn ṣì wà lókè. Sẹ̀wánù ló ń wẹ ọmọ lórí pákó ẹ̀yìn ilé, nínú báàfù pupa ńlá wa, ọṣẹ ti wọ ọmọ lójú. Báàfù náà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, Pósù yọ́ ọ̀rá lé e lórí níjọ́sí, ṣùgbọ́n ó tún ti ń jò. Sẹ̀wánù fi àtẹ́lẹsẹ̀ dí ojú ibẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Ọmọ náà ń ké, ó ń gbá omi, omi ń ta jáde.

Mo ní, "Sẹ̀wánù, gbé báàfù yẹn sínú omi."

"Màmá?"

"Tòun tọmọ."

Ó wo Pósù, tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Pósù wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, wọ́n rò pé oorun ṣì wà lójú mi. Pósù ní, "Màmá, ṣebí ẹ ní ọkọ̀ ilé ni."

Mo ní, "Ta ló ni báàfù?"

Ó ní, "Àwa ni."

Mo ní, "Nínú ilé ta ló wà?"

Pósù dìde. Omi ti fà, kò ju àyà èèyàn lọ. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo gba àkàbà sọ̀kalẹ̀ tòun ti aṣọ tí mo wọ̀. Wọ́n na báàfù sí mi, mo dì í mú lápá kan, Pósù dì í mú lápá kejì. Sẹ̀wánù bọ́ sínú omi lẹ́yìn wa, ó ń fi ife gbọ́n omi jáde nínú báàfù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. A yí ilé ká láàárín àwọn òpó, ọmọ jókòó sínú báàfù, ọṣẹ ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń wo gbogbo wa bí ìyálóde.

Nígbà tí a dé iwájú ilé, mo la ẹnu, mo pe orúkọ rẹ̀ sórí omi. "Sẹ̀námi!" Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Ègùn, Ọlọ́run ló fi fún mi là ń wí níbẹ̀. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó fi ọwọ́ gbá omi, ó ta gbogbo rẹ̀ sí mi lójú.

Nítorí náà, kí n má gbọ́ Àlejò lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ o. Ẹ fẹ́ iná yín kó ràn. Ọkọ̀ wa ṣì wà ní àgọ́ wọn, Pósù máa tún padà lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́la. Ọmọ wa ti kúrò níbẹ̀.